Igi Tí Àgbọ̀nrín Ò Lè Jẹ

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Ọ̀wàrà

Àwọn àgbọ̀nrín ti jẹ ọgbà wa tán.

Ogún igi túyà ni Bàbá gbìn sẹ́yìn ilé ní ọdún méjì sẹ́yìn, nítorí bébà tí wọ́n so mọ́ wọn lọ́rùn ṣèlérí pé wọn yóò bo àṣírí ilé. Ẹran ti jẹ wọ́n láti ilẹ̀ títí dé ibi tí ọrùn àgbọ̀nrín lè nà dé—ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Lókè, ewé ṣì dì dáadáa. Nísàlẹ̀, ọ̀pá lásán. Ogún ọ̀pá tó dé fìlà. Ẹyẹ tó bá fẹ́ yọjú wo ilé wa, ọgbà náà á dí i lójú pátápátá. Èèyàn ni kò lè dí.

Èèyàn tó ń wò wá ni Verna Stoltz, aládùúgbò wa, ìyá Royce. Royce ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, Corinne. Òun ló fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà méjì ní oṣù tó kọjá. Nínú ìwé yìí, Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ni mo máa pè é. Abẹ̀ṣẹ́, tí ọwọ́ bá ń ro mí. Ìyá rẹ̀ ni Ìyá Ojú-Fèrèsé. Fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ kò ní kọ́tìnì, ó kọjú sí wa gbọnrangandan, òun náà a sì dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́, bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́.

Corinne ti padà sílé wa. Dókítà fi wáyà di eyín rẹ̀ pọ̀. Omi ọbẹ̀ ló ń fi páìpù fà mu. Tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á kọ ọ́ sórí bébà. Kóòtù pàṣẹ pé Abẹ̀ṣẹ́ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn tó ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ bàtà. Kóòtù kò sọ nǹkan kan nípa ojú ìyá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Abẹ̀ṣẹ́ ti wá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn wa láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì bọ́ sí wákàtí tí èmi àti Bàbá kò sí nílé. Ẹnì kan ló ń sọ fún un. Mi ò fura sí ẹyẹ.

Ọdún méjì ni mo fi kọ́ nípa igi gbígbìn ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè gidi kan rí, àfi lọ́sàn-án òní tí Corinne ti bébà kan sábẹ́ àwo mi: *Lyle, igi wo ni àgbọ̀nrín ò lè jẹ? Mo fẹ́ jókòó síta.*

Ọjọ́ Ajé, 16 Oṣù Ọ̀wàrà

Mo bi Arlo, ọ̀gá mi níbi tí a ti ń ta igi. Rédíò ni mo ń pè é, nítorí kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á. Ó ní, "Igi tí àgbọ̀nrín ò lè jẹ? Ṣé o ti gbọ́ nípa símẹ́ńtì?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ òótọ́: kò sí igi tí wọn ò lè jẹ, èyí tí wọ́n máa jẹ gbẹ̀yìn ló wà.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Òun ni gbogbo ẹ̀kọ́ ọdún méjì mi, nínú gbólóhùn kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Oṣù Ọ̀wàrà

Kí n tó gbin òmíràn, mo fẹ́ lé ẹran. Mo so ọṣẹ mọ́ ẹ̀ka. Mo gba irun lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, mo fọ́n ọn ká. Mo po ẹyin jíjẹrà pọ̀ mọ́ aáyù. Ìgò kan tún wà níbi iṣẹ́ wa, ìtọ̀ ajá igbó ló wà nínú rẹ̀, èyí tí àgbọ̀nrín ń bẹ̀rù. Bàbá yẹ ìgò náà wò síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Wọ́n ń ta ìtọ̀? Èmi tí mo ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún méjìlélọ́gọ́ta?" Ó jáde lọ síbi túyà, ó ń wọ́n ọn láti igi dé igi, bí àlùfáà tó ń wọ́n omi mímọ́.

Ìyá Ojú-Fèrèsé wà níbi iṣẹ́. Ó gbé ife kọfí rẹ̀ sókè, ó kí i.

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Ọ̀wàrà

Àwọn àgbọ̀nrín ń lá ìtọ̀ Bàbá. Iyọ̀ ni wọ́n rí níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Ọ̀wàrà

Abẹ̀ṣẹ́ wá lónìí, kò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Èmi àti Bàbá lọ ra epo ẹ̀rọ ìgbóná. Ogún ìṣẹ́jú péré. A ń padà bọ̀ ni a rí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ tó já gba ojú ọ̀nà ẹ̀yìn wọ àgbàlá wa, ó ń gun túyà lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sáré. Ó ń tẹ̀ wọ́n bí ẹni tó ń tẹ eèrà. Mọ́kànlá ló wó. Corinne wà nínú balùwẹ̀, ó ti fi àga dí ilẹ̀kùn, kò sì lè pariwo nítorí wáyà. Ariwo tó lè pa kò ju èyí tí màlúù ń pa lọ, láti imú.

Bàbá fò sílẹ̀ kí n tó dá ọkọ̀ dúró. Ó gbá dígí ẹ̀gbẹ́ Abẹ̀ṣẹ́ pẹ̀lú agolo epo, dígí fọ́ sí Abẹ̀ṣẹ́ lójú. Abẹ̀ṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Ó ní, "Àna mi, ẹ kú ọjọ́ ìsinmi." Ó fi ẹ̀yìn ọkọ̀ jáde, ó tún tẹ èyí tí kò tíì kú dáadáa.

Ọlọ́pàá dé lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: igi mọ́kànlá. Ó bi mí bóyá wọ́n wà láàyè tẹ́lẹ̀. Mo ní apá òkè nìkan.

Mo wo òdìkejì. Ìyá Ojú-Fèrèsé dúró, ó gbé fóònù sí etí.

Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Ọ̀wàrà

Ìpàdé ìdílé lórí ọ̀rọ̀ igi. Bàbá ní yúù ni ká gbìn, nítorí yúù ni ìyá rẹ̀ gbìn. Mo ní yúù, ẹṣin tó bá jẹ ẹ́ kú ni. Ó ní, "Ó dáa nìyẹn." Mo ní àgbọ̀nrín kì í ṣe ẹṣin, àgbọ̀nrín máa ń jẹ yúù bí ọmọdé ṣe ń jẹ súwíìtì. Ó ní nígbà ayé ìyá òun kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní nígbà ayé ìyá yín, ebi ń pa gbogbo ìlú, àwọn àgbọ̀nrín ló ń bẹ̀rù wa.

Bọ́síwúùdù: wọn kì í jẹ ẹ́, ó ń rùn bí ìtọ̀ ológbò, ó sì máa pé ogún ọdún kó tó ga dé orúnkún Abẹ̀ṣẹ́. Páìnì: òun gan-an ni ì bá dáa, wọn kì í fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ti ga lọ́jà. Kùkùté páìnì méjìdínlógún ló wà yíká àgbàlá Ìyá Ojú-Fèrèsé, gbogbo wọn nípọn bí ìdí ìkòkò. Òun ló ní kí wọ́n gé wọn ní ọdún tí ọkọ rẹ̀ kú. Páìnì méjìdínlógún tí ara wọn dá ṣáṣá! Nílé ẹ̀kọ́ wa, wọ́n máa ń fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

Corinne kọ ọ́ sí bébà: *Èyí tó ní ẹ̀gún.*

A fẹnu kò. Họ́lì, tí ewé rẹ̀ ń gún bí abẹ́rẹ́. Àti júnípà, tó máa ń ta ara bí èèsún. Ìlà méjì, kí ti ẹ̀yìn dí àlàfo ti iwájú. Igi mẹ́rìnlélógún. Kí wọ́n ti ga ju èèyàn lọ, nítorí a ò ní àkókò tí a ó fi dúró de ìdàgbàsókè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 31 Oṣù Ọ̀wàrà

Dókítà yọ wáyà lónìí. Gbogbo wa dúró de ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Corinne la ẹnu díẹ̀díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tó ti dógùn-ún. Ó ní, "Ọbẹ̀ yín ò dáa."

Bàbá sunkún.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò wọ agọ̀ wá gba súwíìtì gẹ́gẹ́ bí ìṣe ọjọ́ òní. Corinne kò jẹ́ ká ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tí kò bá kọ́kọ́ ṣí ojú. Egungun kékeré kan tó ga tó ibàdí mi ṣí ojú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Bélú

Ara ń ro mí dé èékánná. A lọ wú júnípà méjìlá nínú pápá àtijọ́ tí àwọn màlúù ti fi sílẹ̀, pẹ̀lú gbòǹgbò àti erùpẹ̀. Họ́lì méjìlá, Arlo dín in fún mi. Láti ìdájí la ti ń gbẹ́lẹ̀. Ọwọ́ Bàbá bẹ́, ó ń fi ẹ̀jẹ̀ bomi rin wọ́n, bó ṣe sọ.

Ní aago mẹ́wàá, Ìyá Ojú-Fèrèsé jáde pẹ̀lú garawa àgbàdo rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń da àgbàdo sílẹ̀ fún àwọn àgbọ̀nrín. Ìdí tí gbogbo wọn fi fi àdúgbò wa ṣe ilé nìyẹn: àgbàdo rẹ̀ ni òkèlè, ọgbà wa ni ẹ̀fọ́. Ó dúró létí ààlà.

Ó ní, "Ọmọ Hartzell, ẹ kú iṣẹ́. Igi lẹ̀ ń gbìn?"

Mo ní rárá mà, òkú là ń sin, ìdúró la sin wọ́n.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ó dì o. Mi ò ní rí yín mọ́ nìyẹn."

"Ohun tó ń dùn wá jù nínú ẹ̀ nìyẹn, Ìyá Royce."

"Ẹ fi àlàfo kan sílẹ̀. Kékeré. Ibẹ̀ ni àwọn ẹran mi ń gbà kọjá."

Bàbá, tí kì í bá obìnrin yẹn sọ̀rọ̀, gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. "Verna, ẹran rẹ tó ń gba ibí kọjá, ó ní ọkọ̀ akẹ́rù." Obìnrin náà wo ilẹ̀. Ó da àgbàdo rẹ̀, ó wọlé, ó padà sí fèrèsé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbin èyí tó kẹ́yìn, mo wo ibẹ̀, mi ò rí fèrèsé mọ́. Ewé ni mo rí.

Corinne jáde, ó dúró lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn fún bí ìṣẹ́jú méjì. Kò jókòó. Ó ní, "Ó kù díẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Bélú

Àsìkò tí akọ ẹran ń gun abo la wà. Akọ méjì jà lẹ́yìn ilé wa lónìí. Èyí tó tóbi ni mo ń pè ní Alága: ìwo rẹ̀ ní ẹ̀ka mẹ́wàá, ó sì ń rìn bí ẹni tó fẹ́ ṣí ìpàdé. Ìwo wọ ìwo. Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fọ́ àga. Alága ti èkejì títí dé ibi kùkùté, ó yí i ní ọrùn, ó sì fi ìwo kan gba ojú rẹ̀ wọlé. Èyí tó ṣubú ń ta ẹsẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Alága ò dá a dúró. Ó ń gún un níkùn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan, láìkánjú.

Abo tí wọ́n ń jà lé lórí ń jẹ àgbàdo. Kò gbórí sókè.

Corinne bá mi wò ó láti fèrèsé òkè. Ó ní, "Wò ó. Kò tiẹ̀ bínú mọ́. Ó kàn ń ṣe é ni." Ó fọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó lọ sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Bélú

Igi keje ti kú.

Alága ló pa á. Ẹran kì í jẹ júnípà, òótọ́ ni, ìwé ò purọ́. Ohun tí ìwé kò sọ sókè ni pé òórùn júnípà máa ń wu akọ láti fi ìwo ha á. Ó bó èèpo rẹ̀ láti orúnkún mi dé àyà, ó ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, ó fi sílẹ̀. Kò jẹ ewé kan. Ìkà tí kò ní èrè nínú.

Àlàfo kan nínú mẹ́rìnlélógún. Èèyàn kan lè gba ibẹ̀ kọjá tó bá fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Mo wo ibẹ̀. Fèrèsé. Ife kọfí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Bélú

Ní Ọjọ́rú, Bàbá fi ọkọ̀ gbá abo kan ní títì ńlá. Abo tí etí rẹ̀ ya, tó máa ń ṣáájú àwọn yòókù wá jẹ àgbàdo. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ti ṣẹ́, ó sì ń fi ti iwájú wọ́ ara rẹ̀ lọ sínú kòtò. Bàbá ò ní ìbọn nínú ọkọ̀. Irin tí a fi ń tú táyà ló lò. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín èkejì àti ìkẹta. Ó pe ìjọba, ìjọba ní kó máa jẹ ẹ́.

A tẹ̀ ẹ́ sínú fíríísà, lórí ti èṣín. Àwọn àgbà ní kí èèyàn má fi àgbọ̀nrín èṣín jẹ ọbẹ̀ lọ́dún yìí. Nílé wa, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ti pé ọdún mẹ́rin.

Ìyá Ojú-Fèrèsé yọjú láti àlàfo keje. "Lyle, o ò rí èyí tí etí rẹ̀ ya? Ọjọ́ mẹ́ta nìyí." Orúkọ mi ló pè. Mo ní mi ò rí i. Ó ní tí mo bá rí i, kí n sọ fún un, ó ti dàgbà, kì í rìn jìnnà.

A jẹ ẹ́ lálẹ́. Ó le.

Ọjọ́ Ajé, 20 Oṣù Bélú

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìbẹ̀rẹ̀ ọdẹ oníbọn. Kò sí ìsìn, kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìsìnkú tí wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ yẹn nílùú yìí. Olóògbé náà á ti wà nínú igbó. Rédíò bi mí níbi iṣẹ́ ibi tí a máa lọ. Mo ní àgọ́ Bàbá, lókè odò, wákàtí méjì sí ibí. A máa kúrò lọ́jọ́ Ẹtì, a ò ní padà títí di Àìkú. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì?" Mo ní àwa méjèèjì, àgbọ̀nrín ló máa ṣọ́ ilé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti ń sọ ọ́ fún oníbàárà tó kàn kí n tó kúrò níbẹ̀.

Mo ní ká mú Corinne dání. Ó kọ̀. Ó ní láti ìgbà tí Royce ti pé ọmọ ọdún méjìlá, kò pa ọjọ́ yẹn jẹ rí. "Ọjọ́ Ẹtì la ṣègbéyàwó, kó má baà pàdánù Àbámẹ́ta. Aago mẹ́ta òru ló dìde lórí ibùsùn ìyàwó. Lyle, nínú gbogbo ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ ibi tó wà nìyẹn." Ó ní òun fẹ́ mu kọfí síta, lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, nínú aṣọ ìbora, kí ojú ẹnikẹ́ni má wà lára òun.

Bàbá ní kò sí ọkùnrin tó lè ya wèrè débi tí á fi pa ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ. Gbogbo wa gbà.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Bélú

Họ́lì tó máa rọ́pò igi keje kò ní dé títí di Ìṣẹ́gun. Mo fi tapólì aláwọ̀ búlúù ta àlàfo náà. Ó burẹ́wà, ó sì dí.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Bélú. Ọjọ́ Ọpẹ́

Wọ́n ti fi ọ̀bẹ la tapólì náà láti òkè dé ilẹ̀. Ó tọ́ bí ìlà rúlà. Mo ti kà nípa gbogbo ìwà àgbọ̀nrín. Wọn kì í mú ọ̀bẹ.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Ojú-Fèrèsé. Òun nìkan wà nídìí tábìlì pẹ̀lú itan tòlótòló kan. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Mo ní afẹ́fẹ́ náà ní ọwọ́ tó dúró ṣinṣin. Ó ní, "Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

Mo ní, "Ẹ ti ríran tó. Ṣé ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n máa fọ́ àgbọ̀n ẹ̀ náà lẹ fẹ́ fojú rí?"

Ó gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Inú mi dùn pé mo sọ ọ́. Ó dùn gan-an. Mo tún un sọ fún ara mi lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Bélú

Kò sí tapólì mìíràn nílùú, gbogbo ọdẹ ti rà á tán. A ń lọ sí àgọ́. Corinne ti gbé àga síta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Bélú

Aago méje ku díẹ̀. Mo wà lórí pẹpẹ tí ọdẹ máa ń kàn mọ́ ara igi, ẹ̀yìn mi wà lára igi náà. Òtútù. Bàbá wà ní ìsàlẹ̀ odò. Ìbọn ń dún káàkiri bí àgbàdo tó ń bẹ́ nínú ìkòkò. Mi ò tíì rí ẹran kankan. Gbogbo wọn ti mọ ọjọ́ yìí. Wọ́n ti lọ sẹ́yìn ilé àwọn èèyàn.

Ọjọ́ kan náà, ilé ìwòsàn

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe tò.

Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lágọ̀ọ́. Aago kan ọ̀sán ni ọlọ́pàá igbó wá bá wa.

Aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú ni Abẹ̀ṣẹ́ dé. Ó wọ aṣọ ọdẹ olómi-ọsàn, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó fẹsẹ̀ rìn la àárín ìlú kọjá. Èèyàn mẹ́ta ló kí i pé kó ṣoríire. Lónìí nìkan nínú ọdún ni ọkùnrin lè gbé ìbọn lọ bá ìyàwó rẹ̀ kí wọ́n sì máa ṣàdúrà fún un.

Corinne wà lórí àga, nínú aṣọ ìbora, pẹ̀lú kọfí. Ìlà méjì, ewé tó ń gún, ewé tó ń ta ara, ó ga ju èèyàn lọ, ó dì. Iṣẹ́ ọwọ́ mi. Kò rí Abẹ̀ṣẹ́ títí ó fi yọ ní ẹ̀gbẹ́ ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sẹ́ni tó rí òun. Abẹ̀ṣẹ́ fi ìdí ìbọn gbá a ní ẹnu, níbi tó ti fọ́ tẹ́lẹ̀. Ó fi irun wọ́ ọ kúrò lórí àtẹ̀gùn. Ó lù ú mọ́ ọgbà. Ẹ̀gún họ́lì mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n yọ lẹ́yìn rẹ̀, mo bá wọn kà á. Ó ní, "Ibí mà dáa o. Ta ló bá ẹ gbìn ín?" Lẹ́yìn náà ló fi orúnkún lé e láyà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lọ́rùn.

Corinne ní ohun tó kẹ́yìn tí òun rí ni àlàfo keje, àti pé ẹnì kan dúró nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìdáná lọ́rùn.

Ìyá Ojú-Fèrèsé ni. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Royce. Fi í sílẹ̀."

Kò yí orí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wọlé. Òtútù á mú yín."

Ìyá rẹ̀ yìnbọn fún un. Ìbọn ọdẹ ọkọ rẹ̀, ní ẹ̀yìn orúnkún, láti ogún ẹsẹ̀ bàtà. Ẹsẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. Ẹnì kan ṣílẹ̀kùn, ó pariwo pé, "Ṣé ó tóbi?"

Obìnrin náà fi aṣọ ìdáná so itan ọmọ rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà tán. Ó gbé Corinne lé àyà. Ó fi ọwọ́ kejì pe ọlọ́pàá. Ó sọ fún wọn pé òun ló yìnbọn, pé ọmọ òun ni, kí wọ́n máa bọ̀.

Corinne ń mí. Wọ́n ti tún fi wáyà di eyín rẹ̀ pọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Bélú

Àwọn ọlọ́pàá gba ìbọn lọ́wọ́ Ìyá Ojú-Fèrèsé, wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, wọ́n dá a padà sílé. Abẹ̀ṣẹ́ wà ní yàrá kan nílé ìwòsàn pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní tọ́ mọ́. Mo lọ sílé ìyá rẹ̀. Ó bu kọfí fún mi nínú ife yẹn gan-an. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo wá bi í léèrè nípa kùkùté.

Ó ní, "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbé pẹ̀lú bàbá Royce. Páìnì ló yí ilé yìí ká. Ó ga, ó dì, gbogbo èèyàn ló ń yìn ín. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan rí, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Ọjọ́ kejì tí mo sin ín, mo pe ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgégi. Mo ní kó gé gbogbo ẹ̀. Mo yọ kọ́tìnì. Lyle, mo mọ ohun tí mo bí. Láti ọjọ́ tí ọmọbìnrin yẹn ti padà sílé yín, mi ò kúrò lójú fèrèsé yìí àfi tí mo bá ń tọ̀. Ta lo rò pé ó pe ọlọ́pàá nígbà tó gun igi yín mọ́lẹ̀?"

Mo ní, ta ló wá ń sọ fún un?

"Ìgbà ìṣáájú? Á wo iwájú ilé yín bóyá ọkọ̀ bàbá rẹ wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Arlo ni. Ó sọ fún un nílé ọtí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pé ẹ̀yin méjèèjì ò ní sí nílé títí di Àìkú. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún Arlo."

Kọfí náà gbóná. Mo mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo sọ fún un pé abo tí etí rẹ̀ ya, Bàbá ló fi ọkọ̀ gbá a, a sì ti jẹ ẹ́. Ó dà bí ẹni pé mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Bélú

Họ́lì dé. Ẹsẹ̀ bàtà méje, ó dì, kò sí ewé kan tó pọ́n. Rédíò fi fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Ọ̀pẹ

Corinne ti dé láti ilé ìwòsàn. Yìnyín bọ́ láti àná. Họ́lì náà ṣì wà nínú àpò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Alága ti jẹ ìdajì rẹ̀, ẹ̀gún àti gbogbo ẹ̀. Ní àlàfo keje, ipa ẹsẹ̀ wà nínú yìnyín: àgbọ̀nrín, àgbọ̀nrín, bàtà Ìyá Verna tó wá, bàtà Ìyá Verna tó padà, àti bàtà Corinne lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo gbé ṣọ́bìrì, mo fẹ́ jáde. Bébà kan wà lábẹ́ àwo mi.

*Ìwọ lo sọ fún Arlo. Mo mọ̀. Má gbin nǹkan kan síbẹ̀.*

Mo gbé ṣọ́bìrì padà.